Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Tí Mo Fi Dá Ìyá Kan Lẹ́jọ́

Òórùn íńkì àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni Ṣómólú jẹ́ fún mi títí dòní. Ìwọ náà mọ àwọn òpópónà wọ̀nyẹn, níbi tí ẹ̀rọ ti ń dún láti àárọ̀, tí àjákù bébà ń fẹ́ kiri ilẹ̀ bí ìyẹ́ adìẹ. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan níbẹ̀ ni ọ́fíìsì ìwé ìròyìn wa wà, ìwé ìròyìn kékeré tó ń jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ni, kálukú sì ń sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú. Tẹlifíṣọ̀n kún fún eré tuntun, àwọn tó ti kógbá wọlé láyé sójà náà sì ń padà bọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti wò wọ́n, kí n sọ fún òǹkàwé èyí tó yẹ kó jókòó tì àti èyí tó lè fi àkókò rẹ̀ sùn.

Iṣẹ́ ìgbádùn kọ́ o, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́. Eré méje, nígbà mìíràn mẹ́sàn-án, lọ́sẹ̀ kan, nínú yàrá kan ṣoṣo ní Bàrígà, lórí tẹlifíṣọ̀n tí mo ní láti gbá lórí kí àwòrán tó dúró. Kò pẹ́ tí gbogbo ìyàwó ilé inú eré fi jọra lójú mi, tí gbogbo ọkọ wọn ń pariwo bákan náà. Ó rẹ̀ mí dé egungun. Iná ọba kò sì ṣeé gbára lé. Àṣà gbogbo wa nígbà náà ni pé tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín eré, ẹni tí iná wà ládùúgbò tirẹ̀ ni yóò sọ ìyókù fún ọ lọ́jọ́ kejì. Mo ti fi irú ìyókù bẹ́ẹ̀ kọ ojú ìwé mi lọ́pọ̀ ìgbà, ojú kò sì tì mí.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni eré ìdílé tí a fẹ́ràn ní kékeré padà dé, eré ọlọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìyá inú eré náà ti ń dàgbà. Nínú ìtàn náà, ọmọ rẹ̀ ti wà látìmọ́lé fún ọdún mẹ́fà. Odidi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìyá yìí fi jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀, ó ń ṣí i, ó ń dé e, kò wí nǹkan kan. Oorun ti ń kùn mí nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bi ọkùnrin tó ń tẹ ìwé ìròyìn wa léèrè, torí Akọka ló ń gbé, iná sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe parí jàre. Mi ò gbọ́ kí ìyá yẹn sọ nǹkan kan." Ẹ̀rọ ń dúró dè mí, olóòtú ń pariwo. Mo kọ ọ́ pé: "Ó ti rẹ ìyá yìí. Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi."

Lọ́jọ́bọ̀, obìnrin tó ń ṣe ìyá nínú eré náà fúnra rẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá bá wa, ó ká ìwé ìròyìn náà mọ́wọ́.

"Ìwọ lo kọ eléyìí?"

"Èmi ni, mà."

"Nígbà tí ọmọ mi wọlé, kí ni mo sọ fún un?"

Mo wo ọkùnrin atẹ̀wé. Ilẹ̀ ni òun ń wò. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ pé aṣọ ni òun ń lọ̀ nígbà tí eré náà ń lọ. Obìnrin náà kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi. Ó ní àwọn tó ń náwó sí eré náà ti ka ìwé wa, wọ́n sì ti ń sọ pé kí wọ́n yọ ìyá kúrò. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó sílé tí mi ò rí eré ṣe," ló wí. "Ìwọ ò wá lè jókòó tì mí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú."

Mo kọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe mi fún ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Olóòtú fa ìlà pa á. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí aráyé mọ̀ pé a kì í wò ó tán ni?" Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ inú eré náà sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé ìyá òun ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn. Bí wọ́n ṣe lé e kúrò nìyẹn. Iná kò lọ rárá lọ́jọ́ náà, mo sì wò ó tán.

Mo wá a lọ sílé rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà ní Bàrígà. Bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Dìde. Jókòó síbẹ̀ yẹn." Ó fa ìkòkò òfìfo kan sọ́dọ̀, ó ṣí i, ó dé e, ó tún ṣí i. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè sí ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé ẹnìkan wọlé, ó wo onítọ̀hún látòkè délẹ̀, ó sì rọra sọ, láìbínú, láìsunkún, pé:

"Iyọ̀ tí mo rán ọ dà?"

Nínú ìtàn náà, iyọ̀ ló rán ọmọ yẹn lọ rà lọ́jọ́ tí sójà mú un. Láti ọjọ́ náà kò fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ mọ́. Omijé bọ́ lójú mi níbi tí mo jókòó sí. Mo ní, "Ó dára, mà. Ó dára gan-an."

"Mo mọ̀," ló wí.

Mo fi ojú ìwé yẹn sílẹ̀ kí ọdún tó parí. Àwọn ènìyàn ṣì ń bi mí pé eré wo ló yẹ kí àwọn wò, mo sì máa ń ní n kò mọ̀. Wọ́n á rò pé ìgbéraga ni. Kò rẹ obìnrin yẹn rárá. Èmi ló rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni mo fi kọ ọ́, òun ni wọ́n sì ní kó lọ sinmi.