Ìkòkò Tí Mo Fi Ọṣẹ Fọ̀

Ìfófó ọṣẹ ti dé ìgúnpá mi. Mo jókòó sí ẹ̀yìn ilé wa ní Jákàńdè, ní Ìlàsàn, mò ń fi kànìnkànìn ha inú ìkòkò amọ̀ Màmá. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ nípọn bí ẹ̀kọ tútù, ó sì ń rùn bí omi ògì ọjọ́ mẹ́ta. Mo dà á sí gọ́tà. Mo ṣan ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹta, mo sá a sóòrùn, mo wá ń retí ìyìn.

Ìyá ìyá mi ni mò ń pè ní Màmá. Orúnkún máa ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, wọn kì í jókòó. Wọ́n á rẹ àgbàdo sómi, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó lè hù. Tó bá hù tán, wọ́n á sá a lórí àpò, a ó lọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e ka iná igi láti àárọ̀. Gbogbo àgbàlá á máa ta sánsán bí àgbàdo sísun tí wọ́n kán oyin sí. Tí wọ́n bá sẹ́ ẹ, tó tutù, inú ìkòkò yẹn ni wọ́n ń dà á sí, sórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti ìṣáájú. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ló ń sọ omi àgbàdo di ọtí. Ẹ má bínú sí mi, n ò mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Ohun tó bá dọ̀tí, fífọ̀ là ń fọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ náà, omi àgbàdo ti tutù nínú báàfù kí Màmá tó gbé ìkòkò.

"Ta ló fọ ìkòkò mi?"

"Èmi ni, Màmá. Ó dọ̀tí gan-an ni, mà."

Wọn ò nà mí. Wọ́n rọra jókòó lórí àpótí, wọ́n ki imú bọ ìkòkò, òórùn ọṣẹ ni wọ́n gbọ́.

"Ìyá mi ló bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn fún mi lọ́jọ́ tí mò ń lọ ilé ọkọ. Kò tán rí láti ìgbà náà. Ìwọ ọmọ yìí, o fi ọṣẹ fọ ìyá mi dànù."

Mo bú sẹ́kún.

Ẹnì kan ṣoṣo ló tún ní irú rẹ̀: ìyá tó ń gbé lókè wa. Màmá ló bù ú fún wọn nígbà tí wọ́n ṣì jọ ń ṣọ̀rẹ́. Àfi bí èéfín igi Màmá ṣe ba aṣọ funfun wọn jẹ́ lórí okùn, tí ṣọ́ọ̀ṣì ku ọ̀la. Ìyá òkè bínú, wọ́n pe Màmá ní eléèéfín. Màmá fèsì pé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tiwọn, ẹsẹ̀ ni kí wọ́n máa fi fọ̀. Látìgbà náà, wọn kì í kí ara wọn mọ́.

Màmá dìde. Wọ́n di irin àtẹ̀gùn mú, wọ́n ń gùn ún díẹ̀díẹ̀, èmi gbé igbá tẹ̀lé wọn. Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Eléèéfín ni."

Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ìyá òkè wo igbá, wọ́n wo ojú mi tó wú.

"Eléèéfín, kí lẹ tún wá sun lónìí?"

"Ìkòkò mi ló kú. Ọmọ yìí fi ọṣẹ pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù fún mi nínú tiyín."

"Tèmi tó jẹ́ omi ìfọsẹ̀?"

"Mo sọ ọ́," ni Màmá wí. "Mo ti gbé e mì."

Ìyá òkè fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín já bọ́. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé ṣáágo kékeré kan jáde.

"Mo rò pé ẹ ti dà á nù," ni Màmá wí.

"Àwa la jọ ń jà. Kí ni ọtí ṣe?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ní kí n gbé etí lé ẹnu ìkòkò. Ó ń dún nísàlẹ̀, ṣìì, ṣìì, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora.

"Ìyá mi nìyẹn. Kí wọn."

Mo kúnlẹ̀, mo kí ìkòkò.

Màmá ti lọ. Tọ́máàsì Ẹ́síteètì ni mò ń gbé báyìí, gáàsì ni mo fi ń dáná, inú ìgò nínú fíríìjì ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà wà. Mo sì lọ́mọbìnrin kan tó fẹ́ràn kí nǹkan mọ́. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ọṣẹ ẹyọ kan ti tó láti pa á. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bù ú sínú ìgò mìíràn, mo gbé e lọ bá obìnrin tí ògiri kan ya ilé wa. Èéfín jẹnẹrétọ̀ wọn ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín wa. Ó ti tó oṣù méjì tá a kíra gbẹ̀yìn.

Ó wo ìgò, ó wò mí. "Kí leléyìí?"

"Ẹ bá mi tọ́jú wọn," ni mo wí. "Ìyá Màmá mi ni."