Wọ́n Ní Màmá Kò Gbìyànjú

Orí bẹ́ǹṣì ni ìyá ọkọ mi kú sí, lẹ́nu ọ̀nà yàrá dókítà, ní ilé ìwòsàn tó ti ń bá wọn fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tí ọkọ mi ti wà ní kékeré. Èémí kò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Ohun tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ ni pé kò gbìyànjú.

Ẹ forí jì mí, ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni mí, ìwé tí mo kà kò sì pọ̀. Ojú máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láàrin ẹbí, ká má tíì sọ láàrin ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ki rọ́bà bọ Màmá lọ́fun kó lè máa mí níbi iṣẹ́ abẹ kan tí wọ́n ṣe fún un ni mímí rẹ̀ ti ń dún. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Ṣé ó ń dún fée, Màmá?" Màmá ní ó ń dún. Ó parí! Wọ́n ní ikọ́ fée ni. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ìgbà tó bá ń mí síta ni, àbí ìgbà tó bá ń mí sínú. Ti ikọ́ fée máa ń dún jù nígbà téèyàn bá ń mí síta; ti Màmá, ìgbà tó bá ń mí sínú ni! Ọ̀fun ló sì ti ń wá, kì í ṣe àyà. Màmá fúnra ẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀fun hàn wọ́n. Ta ló wo ibẹ̀?

Wọ́n ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó ń fi ìlà ya bí èémí ṣe ń jáde. "Ẹ fẹ́ ẹ, Màmá, ẹ fẹ́ ẹ! Ẹ ò mà gbìyànjú!" Ìlà tó yẹ kó yọ ṣóńṣó bí orí òkè tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Wọ́n tún un ṣe, ó tún tẹ́. Wọ́n tún un ṣe, bákan náà. Ni wọ́n bá kọ ọ́ sínú èsì àyẹ̀wò náà pé kò gbìyànjú.

Nígbà tí à ń lọ sílé, Màmá dúró kó lè mí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó mi, èmi tí mo bí ọkọ ẹ tòun ti orí ńlá yẹn, wọ́n ní mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fipá ti nǹkan jáde."

"Màmá, orí ọkọ mi ò tóbi."

"Ojú ìfẹ́ lo fi ń wò ó. Dúró dìgbà tí ìwọ náà bá bí irú ẹ̀."

Òun nìkan ni mo tíì sọ fún pé mo lóyún.

Ẹ̀yìn ikú ni dókítà ọ̀fun tó wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní ẹni tó ń ṣọ̀lẹ, ìlà ẹ̀ kì í rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó bá ń tẹ́ bákan náà ní gbogbo ìgbà, ó yẹ kí wọ́n fura pé nǹkan dí ọ̀nà èémí lókè. Ọ̀fun Màmá ti há níbi tí rọ́bà gbà kọjá. Dókítà, a dúpẹ́. Ta lẹ wá ń ṣe àlàyé náà fún, òkú?

Obìnrin tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aṣọ yín, òun lẹ ní kò gbìyànjú! Ẹ dákun, ta ló ń ṣọ̀lẹ láti mí?

Ọkọ mi ní ká fi í fún Ọlọ́run. Ọlọ́run kọ́ ló ka àyẹ̀wò yẹn. A fẹ́ mọ ẹni tó kà á. Kó jáde, kó sọ ohun tó rí fún wa lójúkojú, kí ọ̀gá ilé ìwòsàn jókòó tì í. Kí wọ́n sì wá gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n kọ "kò gbìyànjú" sí jáde, kí wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn tó ni ín kíákíá, nígbà tí wọ́n ṣì ń mí.