Àwọn Òkú Tó Lé Nínú Ìwé Bàbá Mi

Bàbá mi ló ń wẹ òkú ọkùnrin ní àdúgbò wa ní Ìkàrẹ́, ìyá mi ló ń wẹ tobìnrin. Bí wọ́n bá ti sin òkú tán, bàbá mi á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á kọ orúkọ ẹni náà àti ọjọ́ tó kú sínú ìwé kan. Ìyá mi ò mọ̀wé kọ, nítorí náà òun náà á wá dárúkọ àwọn tirẹ̀ fún un, á sì dúró títí á fi kọ ọ́ tán, àfi bí ẹni pé ó lè yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ó ju ogún ọdún lọ tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kà ni èmi ń gbé, mo ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í wu èèyàn, ṣùgbọ́n ó wù mí. Ẹni tó bí, ẹni tó kú, ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀, gbogbo wọn ni mo ń kà, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ara rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ pé ọkàn mi le. Mi ò bá wọn jiyàn.

Ní ọdún kónílé-ó-gbélé, nígbà àrùn kòrónà, ẹ̀rù ba àwọn tó ń wẹ òkú ní àdúgbò tó tẹ̀ lé tiwa, wọ́n jáwọ́. Ni wọ́n bá wá bẹ àwọn òbí mi. Ìyá mi ò fẹ́ lọ. Ó ní ikọ́ ló pa obìnrin tí wọ́n fẹ́ kí òun wẹ̀.

Bàbá mi ní, “Òkú Mùsùlùmí ò gbọdọ̀ wọ kòtò láìwẹ̀. Dìde, máa lọ.”

Ó lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ikọ́ fi mú òun náà, tó sì kú. Kò sí àyẹ̀wò kankan. Àwọn obìnrin kan láti Arigidi ló wá wẹ̀ ẹ́, ìgbà tí wọ́n ṣe tán, bàbá mi kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ó sì pa ìwé náà dé. Láti ọjọ́ náà, kò wẹ òkú mọ́. Àwọn èèyàn ní kádàrá ni, ó ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ó tó ọdún méjì sí i kí ó tó gbé ìwé náà wá bá mi ní Ọ̀kà, ó fi ọ̀rá wé e. Ó ti ṣí i padà, ó sì ń kọ orúkọ àwọn òkú sí i nìṣó, ó kàn ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń wẹ̀ ni.

“Ìwọ lo mọ ìṣirò. Bá mi wò ó bóyá àwọn tó kú lọ́dún yẹn ju bó ṣe máa ń rí lọ.”

Kò sọ ìyókù, ṣùgbọ́n ó yé mi. Bí wọn ò bá pọ̀ jù, a jẹ́ pé àrùn náà ò wọ Ìkàrẹ́, a jẹ́ pé kì í ṣe ẹnu òun ló rán ìyàwó òun lọ kú.

Ìṣirò náà ò le. Wàá wo iye tó máa ń kú láwọn oṣù kan náà láwọn ọdún ìṣáájú, wàá wá ìpíndọ́gba rẹ̀, wàá sì yọ ọ́ kúrò nínú iye tó kú lọ́dún tí o ń wò. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ikú tó lé. Mo kọ́kọ́ yọ àwọn òkú àdúgbò kejì kúrò, nítorí wọn ò sí nínú ìwé tẹ́lẹ̀. Inú mi dùn sí ara mi pé mo rántí ìyẹn. Mo wá mú oṣù Ṣáábánì títí dé oṣù tó ṣáájú iléyá, mo fi wé oṣù kan náà ní gbogbo ọdún tó wà nínú ìwé. Kò sí nǹkan tó lé.

Mo sọ fún bàbá mi lórí fóònù. Ó ní “Alihamudulilahi” lẹ́ẹ̀mẹta. Láàárín oṣù kan, ó ti padà sídìí òkú wíwẹ̀, ara rẹ̀ sì ti ń bọ̀ sípò. Ó sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí pé ọmọ òun ti ṣírò ẹ̀, kò sí ikú àjèjì kankan nílùú. Bí mo bá lọ sọ́jà Ìkàrẹ́, àwọn èèyàn á máa kí mi fún un.

Lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ ń fẹ́, obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi òrí pa ètè rẹ̀, ó ní òun rántí ààwẹ̀ ìgbà tá a wà lọ́mọdé, pé àsìkò ọyẹ́ la máa ń gbà á, òùngbẹ kì í gbẹ wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ìwé bàbá mi.

Oṣù Mùsùlùmí ni bàbá mi ń kọ, oṣù náà kì í sì dúró sójú kan. Lọ́dọọdún ló ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé ju ti ọdún tó kọjá lọ. Oṣù ààwẹ̀ tó bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò lọ́dún kónílé-ó-gbélé, inú ọyẹ́ ló wà níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, inú ọyẹ́ sì làwọn arúgbó wa máa ń kú jù. Mo ti fi ikú ìgbà ọyẹ́ wé ikú ìgbà òjò, ìyẹn ni ò jẹ́ kí èyí tó lé hàn. Èmi tí mo ń gba ààwẹ̀ láti kékeré, èmi ló yẹ kó mọ̀. Ojú tì mí.

Mo yí gbogbo ọjọ́ inú ìwé náà sí oṣù òyìnbó, mo tún un ṣe. Ó lé, kì í ṣe díẹ̀.

Mo ronú pé kí n dákẹ́. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni wọ́n ń tún sọ káàkiri ìlú, irọ́ sì ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, mo dúró de bàbá mi títí ó fi kírun dé.

“Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣì í ṣe. Ó lé.”

Mo ṣàlàyé oṣù àti ọyẹ́ fún un, ó sì yé e kíákíá. Ó ní, “Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó wà nínú àwọn tó lé?”

“Ìṣirò ò mọ ìyẹn. Ó lè sọ pé wọ́n pọ̀ jù, kò lè sọ pé lágbájá ni.”

“Ṣé mo lè sọ pé kò sí níbẹ̀?”

“Ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè já yín nírọ́.”

Ó gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. “Gbogbo ilé ló máa sọ bẹ́ẹ̀,” ni ó wí. “Ilé yìí á ní tàwọn kọ́, ilé tọ̀hún á ní tàwọn kọ́. Àwọn wo ló wá kú? Kọ ìyá rẹ sí i. Èmi ni mo ní kó dìde.”

Iye àwọn tó lé nìkan ló wà lórí bébà ìṣirò tí mo mú lọ, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo kọ orúkọ ìyá mi sísàlẹ̀ rẹ̀, bàbá mi sì dúró tì mí títí mo fi kọ ọ́ tán. Ó dùn mí ju ọjọ́ tí a sin ín lọ.