Ojú Ọ̀tún Jórinjórin

Kò sí ẹni tí ń bá òjò ṣọ̀rẹ́ bí jórinjórin tí ojú rẹ̀ ń kú lọ. Bí òjò bá ti dé, kò sẹ́ni tí yóò tan ẹ̀rọ iná nínú omi; ọ̀gá yóò ní kí oníkálukú máa lọ sílé, ẹnikẹ́ni kò sì ní béèrè ìdí tí ibi tó so irin pọ̀ fi wọ́ kiri bí ipa ìgbín.

Ìbòjú onígíláàsì dúdú wà lórí ìṣó ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé. Ó ní ìbòjú náà ń fa ọwọ́ òun sẹ́yìn. Ojú òsì ló máa ń dì, á fi ojú ọ̀tún wo iná, á sì máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ọ̀kan lòun ń lò, òun ń fi èkejì pamọ́ de ọjọ́ ogbó. Nísinsìnyí ojú ọ̀tún náà kò rí ju òkùnkùn lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbọ́, kò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan irin mọ́. Ọkùnrin tí kò sì fọwọ́ kan irin, kí ni yóò máa jẹ́ nínú ilé? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n òun ti sùn ún di àsùnwọra.

Lọ́jọ́ òjò kan, gbogbo ilé kó jọ sí yàrá kan ṣoṣo, láàárín aṣọ tútù tí ìyàwó rẹ̀ sá sórí àga. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Adájọ́ nítorí pé kò séré tí kì í dá ẹjọ́ rẹ̀, gbé àwòrán tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ fún títò pa pọ̀ wá.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa to ojú ọ̀run."

Ó ti àwòrán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ojú ọ̀run tó ń da omi lé wa lórí láti àárọ̀, òun lẹ tún fẹ́ kí n tò? Bojúbojú ni ká ṣe."

Ọgbọ́n ni, lójú tirẹ̀. Nínú eré tí a ti ń fi aṣọ di ènìyàn lójú, ta ni yóò mọ afọ́jú yàtọ̀?

Wọ́n fi ìborùn dì í lójú. Ó ń táràrà kiri, ó fa Kékeré, àbíkẹ́yìn rẹ̀, yọ lábẹ́ tábìlì, ẹ̀rín sọ. Bí ó ti ń dìde, ìborùn yọ kúrò lójú ọ̀tún. Kò mọ̀. Ó na ọwọ́ síwájú, ó sì kọjá lára ìyàwó rẹ̀ tó dúró gbọnrangandan lápá ọ̀tún.

"Màgòmágó!" Kékeré pariwo. "Aṣọ ti yọ lójú Bàbá! Wọ́n ń yọjú!"

Ó fọwọ́ kan ojú, ó sì yé e. "Ọwọ́ tẹ̀ mí. Ọ̀gá oní-màgòmágó ni mí, ẹ̀yin ará ilé." Ṣàṣà lẹni tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí pé wọ́n pe òun ní ẹlẹ́tàn.

Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá wọn, nígbà tí ẹ ń yọjú, kí ni mo gbé dání?"

"Aṣọ tútù ni."

"Mi ò gbé nǹkan kan. Ọwọ́ lásán ni mo nà, kí ẹ má baà forí gbá ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù."

Ìyàwó rẹ̀ tú ìborùn náà kúrò lójú rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ẹ̀ẹ̀rùn. Jẹ́ kí òjò dá, ká sọ ọ́."

"Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, ẹ ò sọ ọ́, òjò lẹ fẹ́ kó dá. Ẹ wọ bàtà. Ọ̀dọ̀ dókítà ojú là ń lọ." Ó mú agbòjò. "Ọ̀kan ló kù yìí. Mi ò ní jẹ́ kí ẹ fi ìyẹn náà ṣẹ̀fẹ̀."

Kékeré wo gbogbo wọn yíká. "Ta ló wá borí?"

Adájọ́, tí ẹjọ́ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, dìde. Ó kúrò lápá ọ̀tún bàbá rẹ̀, ó bọ́ sí apá òsì, níbi tí bàbá ti lè rí i.

"Bàbá ò ṣe màgòmágó," ó ní. "Wọn ò yọjú rárá."