Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Awakọ̀

Tí a bá lọ wo ọkọ̀ tòkunbọ̀, ìyàwó mi kì í yọjú wo ẹ́ńjìnnì. Á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, á bọ́ bàtà, á dijú, á ní kí wọ́n máa wà á lọ. Lọ́jọ́ kan ní Alágbàká, ẹni tó ń ta ọkọ̀ bi í pé, "Mọ́mì, ṣé oorun ń kùn yín ni?"

"Tí o bá dákẹ́, màá sùn." Kò pẹ́ tó fi ní, "Nǹkan kan ń ha lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Dá wa padà." A ò ra ọkọ̀ náà.

Ó kú lọ́dún tó kọjá. Ọmọbìnrin wa ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Oǹdó báyìí, láti Àkúrẹ́ ni yóò ti máa lọ. Lánàá, a lọ wo ọkọ̀ kan fún un. Òun ló wà á. Èmi jókòó síbi tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó. Mo bọ́ bàtà mi.

Nígbà tí a padà dé, ó ní, "Dádì, kí lẹ gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ṣé ká rà á nìyẹn?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan" ni ìyá rẹ̀ máa ń sọ tí ọkọ̀ bá dáa. Ṣùgbọ́n èmi ò tiẹ̀ tẹ́tí. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe ń kọjá lára mi.

"Rárá," mo ní. "Jẹ́ ká tún un wà lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo dijú, mo sì tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ dáadáa.