Ẹja Tí Wọn Kì Í Jẹ Nílé Wọn

Títí di òní, bí òórùn ẹrẹ̀ etí odò bá kàn mí nímú, Ìkòyí-Ilé ni ọkàn mi ń sáré lọ. Ìgbà Sáàpù ìjọba ológun ni, ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí ẹran ti di ohun tí à ń wò nínú àwo ẹlòmíì. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Tíṣà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń dẹnu kọ mí tipẹ́, n ò sì tíì jẹ́ hẹn. Kì í ṣe pé n ò fẹ́ ẹ o! Ẹ̀rù ilé ọkọ ló ń bà mí. Ilé tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ̀, àṣẹ wọn ò jẹ́ kó mí. Mo bá sọ fún tíṣà pé n ò ní í fẹ́ ọkùnrin tí n ò mọ ilé tí wọ́n ti bí i. Ló bá ní kí n wá wo bàbá òun ní Ìkòyí-Ilé.

Bàbá ò bi mí léèrè ẹbí, kò bi mí léèrè iṣẹ́. Odò ló mú àwa méjèèjì lọ, ó gbé ọ̀pá ìwọ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo ní n ò lè fọwọ́ kan ekòló. Ó ní ekòló náà ò bẹ̀ mí pé kí n fọwọ́ kan òun. Ẹ̀rín pa mí, ara mi sì balẹ̀. Ó ní ẹpìyà la wá pa, pé ẹnu rẹ̀ kéré bí ẹnu ẹni tó fẹ́ súfèé. Àmọ́ ẹja kan wà tó jọ ọ́, tí ẹnu rẹ̀ là dé abẹ́ ojú, tí àmì dúdú tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èèwọ̀ ìdílé wọn nìyẹn, wọn kì í jẹ ẹ́.

A jókòó títí, oòrùn ń ta wá lẹ́yìn. Àfi gìrì tí okùn mi fà! Mo wọ́ ẹja sókè, ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, inú mi dùn débi pé mo ń fò sókè. Ìgbà tí mo wo ẹnu rẹ̀ ni mo rí i pé ó là dé abẹ́ ojú. Àmì dúdú náà nìyí. Tíṣà fajú ro.

Bàbá ò tilẹ̀ gbóhùn sókè. "Èèwọ̀ wa ni, kì í ṣe tiyín. Bí o bá fẹ́, gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, kẹ́ ẹ fi se ọbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bínú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìyàwó ilé wa nìkan ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́."

Ohun tó ń bi mí yé mi. Tíṣà kọjú sódò, kò lè wò mí. Ẹja ń jà lọ́wọ́ mi. Mo yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, mo sì rọra dá a padà sínú omi.

Mo ní, "Àwa kì í jẹ ẹ́, bàbá."

Ńṣe ni tíṣà jókòó sínú ẹrẹ̀ tòun ti ṣòkòtò tó lọ̀ dáadáa. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àwọn ẹbí wá jókòó lẹ́yìn náà, wọ́n bi mí lójú gbogbo ayé, mo sì tún jẹ́ hẹn. Ṣùgbọ́n etí odò ni mo ti ṣègbéyàwó tèmi. Ilé tí wọ́n ti fún mi láyè láti kọ̀, òun ni mo lè wọ̀ láì bẹ̀rù.