Ohun Tí Mo Rí Nígbà Tí A Wẹ Àbúrò Mi

Ní yàrá àwa tíṣà, rédíò ni wọ́n ń pè mí, nítorí ẹnu mi kì í sinmi. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí ẹnu náà ì bá wúlò, mo ya odi.

Àwọn agbófinró mú àbúrò mi lójú ọ̀nà Òkè-Oyi, lórí ọ̀kadà rẹ̀. Wọ́n ní ó jí i ni. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sílé wa ní Adéwọlé, wọ́n ní ikọ́ fée ló pa á. Ikọ́ fée kẹ̀! Ọmọ tí n kò gbọ́ kó húkọ́ rí.

Àṣà wa ni pé òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí ya fọ́tò, kò sẹ́ni tó dárúkọ dókítà. Baba àfáà àdúgbò àti èmi la wẹ̀ ẹ́. Okùn ti gé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wọnú. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó dúdú. Ti ẹ̀yìn rẹ̀, n kò tíì lè kọ ọ́ sílẹ̀ títí dòní. Mo bú sẹ́kún. Àfáà wò mí.

"Ohun tí ẹni tó ń wẹ òkú bá rí, àṣírí òun àti Ọlọ́hun ni. Máà tú àbúrò ẹ síhòòhò."

Kí wọ́n tó kírun Alaasari, a ti sin ín. Mo sọ fún ìyá mi pé ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, pé ńṣe ló dà bí ẹni tó sùn. Ó ní Alihamudulilahi.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, agbẹjọ́rò kan mú àwọn aṣèwádìí wá sílé wa. Àjọ àgbáyé tó ń tọpinpin bí ìjọba ṣe ń fìyà jẹ àwọn tó wà ní àtìmọ́lé ló rán wọn: dókítà obìnrin kan, òyìnbó, àti ògbufọ̀ rẹ̀, ọmọ Ọ̀mù-Àrán. Ògbufọ̀ ṣàlàyé pé ìjọba ti kọ̀wé sí wọn pé àìsàn ni. Níwọ̀n bí kò ti sí fọ́tò, àfi ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí òkú náà. Baba àfáà ti kọ̀. Ó ku èmi.

Mo bẹ ìyá mi kó wọlé lọ. Ó kọ̀, ó jókòó tì mí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí lára àbúrò yín?" ògbufọ̀ bi mí.

Mo wo ìyá mi. Irọ́ tí mo pa fún un nìkan ni ìtùnú tó ní.

"N ò rí nǹkan kan."

Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ohun kan náà ni mo sọ. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó pa ìwé rẹ̀ dé, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Ìyá mi gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀.

"Mo ti ṣí aṣọ lẹ́sẹ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ wẹ̀. Mo rí i. Nítorí tìẹ ni mo ṣe ń ṣe bí ẹni tó gbà ọ́ gbọ́. Mo jókòó tì ọ́ lónìí káyà má baà já ọ."

Mo sáré bọ́ sí títì láìwọ bàtà. Ọkọ̀ wọn ti lọ. Mo pe agbẹjọ́rò, mo ń sunkún. Ó ní wọn yóò gba ọ̀rọ̀ mi tuntun, ṣùgbọ́n èyí tí mo kọ́kọ́ sọ ti wà nínú ìwé, ìjọba yóò sì bi mí pé èwo nirọ́ nínú méjèèjì.

Lọ́jọ́ kejì, agbẹjọ́rò mú ìyá mi lọ bá wọn, ó sì sọ ti ẹsẹ̀ fún wọn. Ti ọwọ́ àti ti ẹ̀yìn, èmi nìkan ló kù láti sọ ọ́, n kò sì mọ ẹni tó máa gbà mí gbọ́ mọ́.